Ilé Dé Ṣáájú Ọ̀nà: Bí Àwọn Àdúgbò Etí Àkúrẹ́ Ṣe Dìde

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ijọka, ọ̀nà Ọ̀dà tàbí ọ̀nà Igbatoro jáde kúrò láàárín Àkúrẹ́ máa rí ilé tó ti parí, tí wọ́n ti kùn, tó ní iná àti kànga, àmọ́ tí ọkọ̀ kò lè dé ẹnu géètì rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Onílé á gbé ọkọ̀ sí etí títì, á ká ṣòkòtò sókè, á fẹsẹ̀ rìn wọlé. Lára àwọn ilé mìíràn, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X sí ògiri: ó wà lójú omi, tàbí ó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, tàbí kò ní ìwé. Ìjọba á ní àwọn ará ibẹ̀ kọ́lé láìgbàṣẹ. Àwọn ará ibẹ̀ á ní àwọn ló ra tìransífọ́mà, àwọn ló la ọ̀nà, níbo ni ìjọba wà nígbà náà? Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Nínú ètò ìlú, iṣẹ́ ní bó ṣe ń tẹ̀ léra. Sọ̀féyọ̀ á wọn ilẹ̀, wọ́n á ya ọ̀nà sọ́tọ̀, wọ́n á gbẹ́ gọ́tà, páìpù omi àti òpó iná á tẹ̀ lé e, ilé ló máa ń kẹ́yìn. Ní etí Àkúrẹ́, ilé ló kọ́kọ́ dé. Iná tẹ̀ lé ilé, ọ̀nà tẹ̀ lé iná, ìwé ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, bó bá tiẹ̀ máa dé rárá. Ohun tó fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀.

Nígbà ìkànìyàn ọdún 1963, ènìyàn 71,106 ni wọ́n kà ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun dá Ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó fáìlì wọn wá láti Ìbàdàn. Àwọn Èkìtì náà wà nínú ìpínlẹ̀ yìí títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, nítorí náà fún ogún ọdún, ibí ni tíṣà Adó àti akọ̀wé Ìkẹ́rẹ́ ti ń wá ìgbéga. Ọdún 1981 ni yunifásítì FUTA bẹ̀rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá káàkiri apá Aule àti Apatapiti. Ní 1991, iye ènìyàn ti di 239,124. Ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan jẹ́ 353,211, láì ka Ọba-Ilé tó wà lábẹ́ Àríwá Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ilé ti so òun àti Àkúrẹ́ pọ̀ débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìjọba kọ́ ilé, a ò ní sọ pé wọn ò kọ́. Ìjàpò wà, ẹ́sítéètì Ọba-Ilé wà, Shagari Village náà wà, tó jẹ́ orúkọ Ààrẹ Shehu Shagari tó ṣèjọba láti 1979 sí 1983 ni wọ́n fi pè é. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí á rí i pé ojú ọ̀nà ṣì tọ́, nítorí pé ètò ló ṣáájú ilé níbẹ̀. Àmọ́ ilé ìjọba kò tó nǹkan lára èrò tó ń wọlé. Tíṣà, aránṣọ, awakọ̀, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ọjà Ọba kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Wọ́n yíjú sí oko.

Oko kòkó, oko obì àti ẹ̀gẹ́ ló yí ìlú ká nígbà náà. Ẹbí ló ni ilẹ̀, àgbẹ̀ tó ń dá oko níbẹ̀ lè jẹ́ àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí náà lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé ènìyàn méjì ló ń gba owó lórí ilẹ̀ kan: ẹbí gba owó ilẹ̀, àgbẹ̀ gba owó irè oko rẹ̀, ìyẹn igi kòkó tí wọ́n máa gé. Ẹni tó bá sanwó fún ẹbí tó sì gbójú fo àgbẹ̀, àgbẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ bá jà nígbà tí katakata bá dé.

Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 wá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni bí òfin náà ṣe mú kí títa ilẹ̀ yá kánkán dípò kó dín kù. Abala 28 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbogbò. Abala 29 sọ ohun tí wọ́n máa sanwó gbà-má-bínú lé lórí: ilé àti irè oko. Ilẹ̀ gbalasa fúnra rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ lọ títí. Ẹbí tó ní oko lẹ́bàá ìlú ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí ìjọba bá gbà á, owó igi kòkó ni àwọn máa rí, bí àwọn bá tà á ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì, owó ilẹ̀ pérépéré ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Àwọn kan sì ń kọ déètì àtijọ́ sórí ìwé àdéhùn, kó lè dà bíi pé òfin 1978 bá títà náà lórí ilẹ̀. Ìwé kan á ní 1977 ni wọ́n fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i? Ilé ẹjọ́ ti yanjú èyí láti ìgbà tó ti pẹ́. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí olórí ẹbí, títà náà kò wáyé rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìbá àwọn àgbà ojúlé (ìyẹn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí) sọ̀rọ̀, wọ́n lè lọ fagi lé e bí wọ́n bá tètè lọ. Nítorí náà ìwé tó dúró ni èyí tí olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan jọ fọwọ́ sí, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Rìsíìtì tí ọ̀dọ́kùnrin kan já fún yín lábẹ́ igi máńgòrò kò ju pépà lọ. Ibi tí rírà lẹ́ẹ̀mejì ti ń wá nìyẹn: ojúlé kan tà á ní ọdún kan, ojúlé kejì dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé wọn ò fún àwọn ní tiwọn, ẹni tó ti kọ́lé á sì san án kó lè sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọ̀nà, torí ọjọ́ tí wọ́n gé ilẹ̀ ni ọ̀nà ti bàjẹ́. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120, ìyẹn tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, tó gùn ní 120, gba 7,200. Bí ẹ bá pín in, mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó ṣẹ́ ku 360, tí kò ju yàrá méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá sọ pé pulọ́ọ̀tì mẹ́fà wà nínú éékà òun ti ta ọ̀nà mọ́ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pulọ́ọ̀tì 50 sí 100, tó gba 5,000, mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, 3,560 ló sì ṣẹ́ kù. Éékà tó dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 208. Ẹ fi 3,560 ṣe ọ̀nà kan tó la á já, ọ̀nà náà kò ní fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 17 lọ. Kó tó lè jẹ́ 30, ó máa gba 6,240, ìyẹn ni pé pulọ́ọ̀tì kan máa lọ sí i. Kò sí ẹbí tó fẹ́ pàdánù pulọ́ọ̀tì kan fún ọ̀nà tí ẹlòmíì máa rìn.

Ẹsẹ̀ bàtà 17 náà kì í dúró sí 17. Onílé apá ọ̀tún á ti fẹ́ǹsì rẹ̀ síta díẹ̀, ti òsì á ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á gbé àtẹ̀gùn géètì rẹ̀ síta kó lè wu ojú. Ó di 12. Típà méjì kò lè pàdé níbẹ̀, kò sì sí ibi tí gọ́tà máa gbà. Kí ẹni tó bá ń rà má wo ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan: kó ní kí wọ́n fi tépù wọn ojú ọ̀nà níwájú òun, kó wo bíkìn, ìyẹn òpó kọnkéré kékeré tó ní nọ́ńbà lórí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì ní kí sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbé nọ́ńbà náà lọ yẹ̀ wò lọ́fíìsì sọ̀féyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, tí ẹbí ṣì ń tà, pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Ilé kíkọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Báńkì kì í yá ènìyàn lówó lórí ilẹ̀ tí kò ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, nítorí náà owó àjọ, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó oṣù ló ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilẹ̀, kí wọ́n kó wọ ibẹ̀, kí ilé ńlá máa bọ̀. Ìdí kan ni owó ilé, ìdí kejì ni pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí, wọ́n lè tún un tà. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á wá gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n á tún padà wá nígbà òrùlé. Owó yìí kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan, àmọ́ gbogbo bírikílà ló mọ̀ ọ́n mọ́ owó iṣẹ́.

Kòtò ìpìlẹ̀ fún ògiri búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 yẹ kó fẹ̀ tó íńṣì 27, ìlọ́po mẹ́ta búlọ́ọ̀kù, kó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí títí yóò fi kan ilẹ̀ líle. Kọnkéré ìsàlẹ̀ máa ń nípọn tó íńṣì 6 sí 9: sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn mẹ́ta, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe jù ni ilẹ̀ tó dagun. Àkúrẹ́ kún fún òkè àti àpáta, pulọ́ọ̀tì tó tẹ́jú kò pọ̀. Dípò kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní àkàsọ̀-àkàsọ̀ tẹ̀ lé dídagun ilẹ̀, wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù ga lápá ìsàlẹ̀, wọ́n á da erùpẹ̀ pupa sínú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì lẹ ilẹ̀ lé e lórí. Erùpẹ̀ tí wọn kò fi omi rin, tí wọn kò gún ní íńṣì 9 sí íńṣì 9, máa rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òjò méjì tàbí mẹ́ta. Ilẹ̀ ilé á là, ògiri inú tó dúró lórí rẹ̀ á là pẹ̀lú, onílé á sì pe bírikílà pé kó wá fi sìmẹ́ńtì dí i. Ó máa ń dí fún ọdún kan.

Búlọ́ọ̀kù náà ní àrékérekè tirẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50, máa ń ṣe búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 tó dára bíi 25 sí 30. Àwọn tó ń tà á máa ń fà á kọjá 40. Ẹ fi ìṣó ha á lára: bí iyanrìn bá ń dà bíi gààrí, ẹ má gbà á. Bó sì ti wù kó dára tó, tí wọn kò bá fi omi wọ́n ọn fún ọjọ́ méje, kò ní gbó. Mítà onígun mẹ́rin kan lára ògiri ń gba nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù mẹ́wàá, nítorí náà ògiri tó gùn ní mítà 10, tó ga ní mítà 3, ń jẹ 300. Ẹni tó mọ ìṣirò yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n ra 380 fún òun.

Omi wá ńkọ́? Àpáta ló wà lábẹ́ Àkúrẹ́, omi kànga wà nínú erùpẹ̀ jíjẹrà tó bo àpáta náà lórí. Ibi tí erùpẹ̀ yìí bá jìn, omi máa ń pọ̀. Ibi tí kò bá jìn, ọkọ́ á kan òkúta kí omi tó hàn. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ní oṣù kẹsàn-án, tó rí omi ní ẹsẹ̀ bàtà 15, á yọ̀, kànga náà á sì gbẹ ní oṣù kejì. Oṣù kejì sí ìkẹta ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Bó bá ti rí omi nígbà yẹn, kò tún ní gbẹ bọ̀rọ̀. Bọ́hólù gbọ́dọ̀ kan ibi tí àpáta ti sán kó tó lè rí omi, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi lè ní omi kí èyí tó wà ní pulọ́ọ̀tì kejì sì jẹ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́.

Èyí tó burú jù ni ti sọ́káwèé. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga jìnnà sí i tó mítà 30. Pulọ́ọ̀tì 50 sí 100 fẹ̀ ní mítà 15, ó gùn ní mítà 30. Ẹni tó gbé kànga síwájú tó gbé sọ́káwèé sẹ́yìn ti gbìyànjú, àmọ́ sọ́káwèé rẹ̀ lè wà ní mítà márùn-ún sí kànga aládùúgbò tó fẹ̀yìn tì í. Bí gbogbo ojúlé bá ti ṣe àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé iwájú ni kànga, ẹ̀yìn ni sọ́káwèé, ewu náà ì bá dín kù gan-an. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé nígbà yẹn, nítorí ilé mẹ́ta péré ló wà ní àdúgbò náà.

Iná ni ohun tó máa ń kó wọn jọ. Ẹni àkọ́kọ́ á fa wáyà láti òpó tó jìnnà, lórí ọparun. Ẹni kẹwàá á so mọ́ ọn. Gílóòbù á máa jó bí fìtílà, fíríìjì á kọ̀, nítorí wáyà tó gùn tó sì tín-ín-rín kò lè gbé iná tó pọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀. Wọ́n á dá owó, wọ́n á ra òpó, wáyà àti tìransífọ́mà. Èyí tó jẹ́ 500 kVA, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń lo 3 kVA, kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí ilé 150 lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá àwọn tó ń bọ̀ dúró. Bí ó bá jó, owó míì. Láti 2013 tí wọ́n ti ta iṣẹ́ iná fún àwọn aládàáni, ilé iṣẹ́ apínná BEDC ló ń pín iná ní Ìpínlẹ̀ Òndó. Ìlànà tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ iná nígbà náà, ṣe ní 2015 fàyè gba àdúgbò láti gba owó tí wọ́n fi ra irinṣẹ́ padà, bí àdéhùn bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ná an. Ọ̀pọ̀ àdúgbò kò bèèrè. Wọ́n á fi lẹ́tà gbé e kalẹ̀ nítorí kí iná lè tètè dé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí náà ló ń gba ọdẹ, ló ń gbé géètì, ló ń gba owó ìdàgbàsókè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, ló sì ń sọ òpópónà lórúkọ. Ìrẹ̀pọ̀dùn, Ìfẹ́dàpọ̀, Ìfẹ́lódùn: ẹ ka orúkọ wọ̀nyí bí àdúrà, kì í ṣe bí ìròyìn.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, bí òjò tó tó mílímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 7,500 ló máa dà sílẹ̀. Àádọ́ta irú ilé bẹ́ẹ̀ ń da 375,000 sójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Nígbà tí ó jẹ́ oko, ewé àti ilẹ̀ rírọ̀ ló ń mu ún. Ní báyìí gbogbo àgbàlá ni wọ́n ti rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí kò ní gọ́tà sì di odò. Àgbàrá á jẹ àárín ọ̀nà, á ya sí ìdí fẹ́ǹsì, ìpìlẹ̀ á hàn síta. Àwọn ará àdúgbò á kó búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti àpò iyanrìn dí i, èyí tó ń darí omi sí fẹ́ǹsì ẹlòmíì. Apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò Àlà àti àwọn ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, ni gbogbo omi yìí ń lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí kan ṣoṣo ló sì wà fún ìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú máa ń dé lẹ́yìn gbogbo èyí. Òfin ètò ìlú ti 1992 ti ní kí ẹnikẹ́ni gbàṣẹ kó tó kọ́lé, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni agbára ètò ìlú. X kò túmọ̀ sí ohun kan náà níbi gbogbo. Ilé tí kò ní ìwé àṣẹ, tí ibi tó wà kò sì léwu, sábà máa ń rí ọ̀nà àtúnṣe: sọ̀fé, pílàánù ilé, ìwé owó orí, àti owó ìtanràn. Ilé tó wà lójú omi tàbí lábẹ́ wáyà ńlá kò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Wáyà 132 kV ní mítà 30 tó jẹ́ tirẹ̀, 330 kV ní mítà 50. Kò sí ìwé tó lè gbà yín níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fẹ ọ̀nà, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé ló lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lórí owó gbà-má-bínú. Fẹ́ǹsì tí ẹ gbé wọ ojú ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa wó o.

Ìlú ṣì ń lọ síwájú, ó ń jẹ oko. Ẹ mú tépù lọ sí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, níbi tí igi kòkó ṣì wà láàárín pẹ́ẹ̀gì, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ọ̀wọ́ pẹ́ẹ̀gì méjì. Kò sí ilé kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, ẹ ti mọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí ní oṣù kẹsàn-án.